Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tù Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Mọ̀

Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí ní Ìlọrin mọ̀ pé nọ́ńbà ṣáásì là ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlànà yìí kan náà ni kí ẹ tẹ̀ lé bí mọ̀lẹ́bí yín tó wà ní London bá fi àwòrán ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù àtijọ́ kan ránṣẹ́ pé ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n ni, tó sì ní kí ẹ jọ dáwó rà á, nítorí àmì ara ọkọ̀ ṣeé rà lọ́jà, ó sì ṣeé lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ yòówù.

Ẹ jẹ́ kí á mú MGA, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù ilé iṣẹ́ MG. Wọ́n ṣe ju 100,000 lọ ní Abingdon láàárín 1955 sí 1962, ṣùgbọ́n 2,111 péré ni ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ Twin Cam, tí wọ́n ṣe láti 1958 sí 1960. Wíìlì onírin tí nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo dì mú láàárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá a mọ̀, èyí kò sì tó, nítorí irú wíìlì bẹ́ẹ̀ àti bíréèkì onídíìsìkì ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára ẹ̀yà mìíràn tó ń jẹ́ MGA De Luxe pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì MGA lásán ló wà nínú ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì Twin Cam ní káàmùṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) méjì lókè, ìdérí alumíníọ́ọ̀mù méjì ló sì bò wọ́n. Síbẹ̀, písítìnì rẹ̀ tètè máa ń jó nígbà náà, àwọn kan sì yọ ẹ́ńjìnnì náà kúrò, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lásán rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nọ́ńbà ṣáásì ju ẹ́ńjìnnì lọ ní ẹ̀rí. YD ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà Twin Cam aláìlórùlé, YM sì ni ti kúpé, ìyẹn èyí tó ní òrùlé.

Ní ti Jaguar XK120, àwọn bí 240 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe gbogbo ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin ní 1950. Ẹ ní kí ẹni yín fi aṣọ wé òòfà, kó sì gbé e sára fẹ́ńdà. Kó má ṣe dán an wò lára ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí alumíníọ́ọ̀mù ni àwọn yẹn lára onírin pàápàá. Bí òòfà kò bá lẹ̀, kó gbé e káàkiri fẹ́ńdà náà, nítorí fílà tí panẹbítà fi dí ojú irin kì í jẹ́ kí òòfà mú un.

Triumph TR5 kò ṣòro dá mọ̀ rárá: CP ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, CD sì ni ti TR250 oníkábúrétọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé ẹ̀rí láti British Motor Museum ní Gaydon fún MG àti Triumph, tàbí láti Jaguar Daimler Heritage Trust fún Jaguar, kí ẹ sì fi nọ́ńbà inú rẹ̀ wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ gan-an.