Kí Omi Púùlù Má Baà Bàjẹ́ Lẹ́yìn Yín: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Kílórìn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọgbà ló gbà pé bí òun bá ti da kílórìn (oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi) tó pọ̀ sómi kí òun tó gbéra, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, omi á ti ní àwọ̀ ewé, ògiri púùlù á sì máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Kílórìn tí wọ́n dà kò kéré rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kílórìn kì í dúró de onílé: oòrùn ń pa á, ewé tó já sínú omi ń jẹ ẹ́, òógùn àti ìdọ̀tí ara àwọn tó lúwẹ̀ẹ́ kẹ́yìn náà ń jẹ ẹ́. Èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń tọ́jú omi. Ẹni tí kò bá mọ èyí ni àwọn àṣìṣe yòókù máa ń mú.

Dída kílórìn rẹpẹtẹ lọ́jọ́ ìrìn àjò

Nínú púùlù tó wà ní gbangba, tí kò sì ní cyanuric acid, oòrùn ọ̀sán lè pa ìdajì kílórìn láàárín wákàtí kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá da ìlọ́po mẹ́rin iye tó yẹ, nǹkan bíi wákàtí méjì péré lẹ fi kún ọjọ́ orí rẹ̀. Cyanuric acid yìí ni àwọn tó ń tọ́jú púùlù ń pè ní stabilizer. Òun ló ń di kílórìn mú tí oòrùn kì í fi í tètè rí i pa. Kó wà láàárín 30 sí 50 ppm, ìyẹn mílígíráàmù 30 sí 50 nínú lítà omi kan. Bó bá kọjá 100, kílórìn á wà nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀. Púùlù abẹ́ òrùlé kò nílò rẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ẹ tó lọ ni kí ẹ mọ̀ bóyá omi náà mọ́ dénú, torí pé ojú lásán ń tanni. Ẹ wọn kílórìn lálẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìdájí kí oòrùn tó yọ. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 1 ppm lọ mọ́jú, a jẹ́ pé nǹkan ti ń jẹ ẹ́ nínú omi láìsí oòrùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, algae tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, ìyẹn ewéko wínníwínní tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri àti àtẹ̀gùn inú omi, ẹ fi kílórìn lù ú dáadáa lálẹ́ (ìyẹn ni pé kí ẹ dà á ju iye ti ojoojúmọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà), kí ẹ sì tún un wọ̀n. Láti ṣe èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹrù ti wà nínú ọkọ̀.

pH ńkọ́, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń kan tó)? Èyí làwọn èèyàn ń fò jù. Nínú omi tí kò ní stabilizer, bí pH bá jẹ́ 7.2, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kílórìn ló wà ní irú èyí tó lè pa kòkòrò. Bó bá gòkè dé 8.0, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló kù. Owó kan náà lẹ ná, iṣẹ́ tó ṣe kò dọ́gba. Ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ ṣe kílórìn sì máa ń gbé pH sókè fúnra rẹ̀, torí náà kí ẹni tó ń lò ó fi pH sílẹ̀ níbi 7.2 tàbí 7.4 kó tó jáde nílé.

Jíju hóró kílórìn sínú skimmer

Tí wọ́n bá ní kí n mú àṣìṣe kan ṣoṣo tó ń náni lówó jù, èyí ni màá mú. Skimmer ni ẹnu ihò ẹ̀gbẹ́ púùlù tí pọ́ǹpù ń gbà fa omi ojú wọlé. Apẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, hóró kílórìn sì ń wọ̀ ọ́ rẹ́gí, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n trichlor ni ọ̀pọ̀ hóró yìí, ásíìdì gidi sì ni: omi tó bá yọ́ sí, pH rẹ̀ máa ń sún mọ́ 3. Nígbà tí pọ́ǹpù bá kú, hóró náà kò ní yéé yọ́. Omi inú skimmer á di ásíìdì tó le, bí pọ́ǹpù bá sì tún ṣí, ìkún omi kíkan yẹn ló máa kọ́kọ́ gba inú pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná kọjá. Á jẹ rọ́bà inú wọn, á sì jẹ bàbà. Bàbà tó bá yọ́ yìí ló máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára ògiri. Òun náà ló ń sọ irun tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bíi ti òyìnbó, di àwọ̀ ewé, tí gbogbo ayé ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru kílórìn.

Inú ike tó ń léfòó lójú omi, tàbí inú àpótí tí wọ́n ṣe mọ́ ara páìpù lẹ́yìn ẹ̀rọ amómigbóná, ni hóró ń gbé. Ẹ má so ike náà mọ́ ibi àtẹ̀gùn, kó má baà dúró sójú kan kó ṣí àwọ̀ ibẹ̀. Ẹ sì má dán an wò láé láti da kílórìn oníyẹ̀fun, calcium hypochlorite, sínú àpótí tí trichlor ti wà rí. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè gbiná, wọ́n sì lè bú gbàmù.

Pípa pọ́ǹpù torí owó iná

Hóró tó ń léfòó nínú omi tí kò rìn, àyíká ara rẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Ẹ̀rọ oníyọ̀ kò tilẹ̀ ní ṣe kílórìn kankan bí omi kò bá ń kọjá nínú rẹ̀. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ tí kílórìn rẹ̀ sì ti tán, ilé tanwíji ni: nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Ẹ yí táímà sí wákàtí 8 lójúmọ́ ó kéré tán, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí ojúmọmọ. Ẹ rántí pé táímà tó ń yí bí aago máa ń dúró bí iná bá lọ, yóò sì máa pẹ́ sẹ́yìn nígbà tí iná bá dé. Kí ẹnì kan máa wò ó.

Ẹ wẹ asẹ́, ẹ da ìdọ̀tí apẹ̀rẹ̀ skimmer nù, kí omi sì kún kọjá àárín ẹnu skimmer díẹ̀. Bí oòrùn bá fa omi náà sílẹ̀ kọjá ẹnu yẹn, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa fà, kò sì ní pẹ́ jó.

Fífi kẹ́ẹ̀gì kílórìn lé aládùúgbò lọ́wọ́

"Ẹ ṣáà máa bù ú sí i." Ọ̀rọ̀ yìí ni kò yẹ ká sọ. Ẹni tó ń ṣojú yín kò mọ bí púùlù yín ṣe tóbi tó. Ẹ wọn iye tó fẹ́ lò sílẹ̀ fún un, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ sì fi hàn án lójú yín kí ẹ tó lọ. Kó mọ̀ pé kílórìn la ń dà sínú omi púpọ̀, a kì í da omi sórí kílórìn. Kò gbọdọ̀ da oríṣi méjì pọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ṣíbí kan bu méjèèjì. Ásíìdì àti kílórìn tó bá pàdé á tú gáàsì olóró jáde. Bó bá jẹ́ kílórìn olómi lẹ fẹ́ kó lò, ẹ ra tuntun, torí èyí tó ti pẹ́ nínú ooru ti pàdánù agbára rẹ̀. Ẹ tì ẹnu ọ̀nà ọgbà púùlù gbọin, kí ọmọ kankan má ráyè wọ ibẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó.

Bíbẹ́ sómi lọ́jọ́ tí ẹ dé

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Bí oògùn ìdánwò, èyí tó ń ní àwọ̀ bí kílórìn bá wà nínú omi, bá funfun láìní àwọ̀ kankan, ẹ má tètè parí rẹ̀ pé kílórìn ti tán: bó bá pọ̀ jù, ó lè ṣí àwọ̀ oògùn náà fúnra rẹ̀. Ẹ bu omi púùlù náà, ẹ fi omi tí kò ní kílórìn bù là á sí méjì, ẹ tún un dán wò. Bí ojú ihò ìsàlẹ̀ púùlù kò bá ṣeé rí láti etí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀.

Bó bá sì ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ má kù gìrì da gbogbo omi nù. Omi inú ilẹ̀ lè ti ìsàlẹ̀ gbé púùlù tó ṣófo sókè, kó sì fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri, ẹ máa fi kílórìn lù ú ní àṣálẹ́, kí ẹ sì máa fọ asẹ́ bó bá ti dí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.