Olùkọ́ ní Texas, ẹ ṣírò dáadáa kí ẹ tó yí dísítíríìtì padà
Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní dísítíríìtì kan (ẹ̀ka ìjọba tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àgbègbè kan) bọ́ sí òmíràn, ẹ má wo owó ọdún nìkan. Ẹ fi iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ìwé àdéhùn pín in. $63,000 fún ọjọ́ 187 jẹ́ nǹkan bí $337 lóòjọ́; $64,000 fún ọjọ́ 192 kò ju $333 lọ. Ọjọ́ márùn-ún lẹ máa fi kún iṣẹ́ yín nítorí $1,000 yẹn.

Ẹ tún béèrè iye tí dísítíríìtì ń dá sí inṣọ́ránsì ìlera yín lóṣù. Bí ibì kan bá ń san $225, tí ibòmíràn ń san $400, ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ $2,100.

Ní ti ìsinmi, ọjọ́ márùn-ún tí òfin ìpínlẹ̀ ń fún yín lọ́dún máa ń bá yín lọ, kì í jóná. Èyí tí dísítíríìtì fúnra rẹ̀ fi kún un ló sábà máa ń ṣòfò. Ẹ gba service record yín (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín), kí ẹ yẹ ọjọ́ ìsinmi àti ọdún iṣẹ́ inú rẹ̀ wò fínnífínní; ọdún kan tó bá sọnù níbẹ̀ lè fà yín sẹ́yìn lórí àtẹ owó oṣù.

Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ dísítíríìtì tí ẹ ń fi sílẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí wọn ò sì yọ̀ǹda yín, wọ́n lè fẹjọ́ yín sùn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fún olùkọ́ ní ìwé-ẹ̀rí, kí àjọ náà sì bá yín wí; bí ó bá ku ọjọ́ tí kò tó 30 kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó tilẹ̀ lè dá ìwé-ẹ̀rí yín dúró.