Bí a ṣe ń tú gbèsè tó wá láti ilé mẹ́ta mẹ́rin

Bí ẹ bá ti ń yá lọ́wọ́ Táyé fi san ti Kẹ́yìndé, gbèsè yín kò dín kù mọ́. Ó kàn ń kó láti ilé kan sí òmíràn ni, èlé sì ń gorí èlé.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbèsè káàdì kirédì ti wọ́pọ̀, àwọn olùdámọ̀ràn wà tí wọ́n ń bá onígbèsè tú irú ìdì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yẹ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde wò, wọ́n á bẹ báńkì kó dín èlé kù, wọ́n á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí owó kan ṣoṣo tí onígbèsè á máa san lóṣooṣù, fún nǹkan bí ọdún 3 sí 5. Ojú owó kì í sábà dín. Èlé ni wọ́n ń bá jà. Káàdì náà ńkọ́? Wọ́n á ní kó pa á tì.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, owó ẹni fúnra ẹni ló sábà máa ń wà nínú káàdì. Gbèsè tiwa wà nílé kirédì, nínú ẹgbẹ́ obìnrin, lórí tẹlifóònù àti lọ́wọ́ olówó èlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u kò yàtọ̀. Ẹ wá ẹnì kan tó mọ ìṣirò, tó lè ka ìwé Faransé, tó sì lè pa ẹnu mọ́, kó jókòó tì yín. Kó má jẹ́ ẹni tí ẹ jẹ lówó, kó má sì jẹ́ onígbọ̀wọ́ yín, torí àpò ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rò.

Ẹ kó ìwé jáde

Ẹ mú kàyé ọmọ iléèwé kan, kí gbèsè kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ kọ iye tó wọ ọwọ́ yín gan-an, iye tó kù, iye tí ẹ ń san àti ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́, àti ohun tí wọ́n ń gbà bí ọjọ́ bá yẹ̀. Àjọ tí ẹ ti kó, tí ẹ ṣì ń dá, gbèsè ni. Ẹ kọ ọ́. Aṣọ tí ẹ gbà láwìn lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá, ẹ kọ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ìwé tí ilé kirédì fún wọn nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n á gbàgbé 25 000 F tí wọ́n jẹ àbúrò ìyá wọn.

Ẹ wo "iye tó wọ ọwọ́ yín" dáadáa. Bí wọ́n bá kọ 300 000 F sínú ìwé, tí wọ́n sì dá 30 000 F dúró gẹ́gẹ́ bí ìdógò, 270 000 F lẹ gbà, ṣùgbọ́n lórí 300 000 F lẹ ń san èlé.

Èlé wo lẹ ń san?

Ọ̀rọ̀ wà níbí. Ẹ jẹ́ ká mú 300 000 F tí wọ́n ní kí ẹ fi oṣù 12 san, èlé 2% lóṣù. Bí wọ́n bá ń ṣírò èlé lórí ohun tó kù lọ́rùn yín, nǹkan bí 28 400 F lẹ máa san lóṣù, èlé gbogbo rẹ̀ á sì tó nǹkan bí 40 400 F. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣírò 2% lórí 300 000 F láti oṣù kìíní dé ìkẹyìn, bí ẹni pé ẹ ò tíì san kọ́bọ̀, 31 000 F ni lóṣù, èlé sì di 72 000 F. Lẹ́nu, "méjì nínú ọgọ́rùn-ún" kan náà ni. Nínú àpò, èlé kejì yìí lé ní 40% lọ́dún, torí owó wọn tó kù lọ́wọ́ yín ń dín kù lóṣooṣù, èlé kò sì dín.

Láti oṣù kìíní ọdún 2014, òfin UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jọ ń ná owó sẹ́fà, tí Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, kò jẹ́ kí ilé kirédì kéékèèké gba ju 24% lọ́dún, kò sì jẹ́ kí báńkì gba ju 15%. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn èyí ni TEG, tó gbọ́dọ̀ ka owó ìwé àti owó mìíràn tí wọ́n gbà mọ́ èlé. Ẹ wá a nínú ìwé àdéhùn yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè.

Olówó èlé tó yáni ní 100 000 F, tó ń gba 20 000 F lóṣooṣù, tí ojú owó sì dúró síbẹ̀, 240% ló ń gbà lọ́dún.

Ta lẹ máa kọ́kọ́ san?

Ẹ yọ owó oúnjẹ, owó ilé, owó iléèwé àti owó ọjà tí ẹ máa tún rà kúrò nínú ohun tó ń wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ kan owó ọjà, torí ẹni tó bá fi owó ọjà san gbèsè kò ní rí ohun tí yóò tà lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù nìkan ni owó gbèsè.

Ẹni tó pariwo jù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ san. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ìyàtọ̀ kan péré ni mo mọ̀, ìyẹn owó ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn. Bí ẹ ò bá san, àwọn yòókù ló máa san án, ẹ óò sì tún máa bá wọn pàdé lọ́jà. Ẹ máa san tiwọn déédéé bó ti wù kó le tó.

Ká wo ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, l'Ájàṣẹ́. Lẹ́yìn ìnáwó ilé, 50 000 F ló kù fún un lóṣù. Ilé kirédì ń gba 31 000 F, ó ku oṣù 8. Ẹgbẹ́ obìnrin ń gba 15 000 F, ó ku oṣù 4. Olówó èlé ń gba 20 000 F lórí 100 000 F. Ó sì ń dá àjọ 15 000 F tí kò tíì kó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 81 000 F. Kò lè ṣeé ṣe. Ó bẹ ìyá àjọ, ó fi àyè rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, ó kó 150 000 F, ó fi 100 000 F pa ti olówó èlé rẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ilé kirédì na oṣù 8 náà dé 12, kó wá máa san nǹkan bí 22 000 F. Ó di 52 000 F. Nínú 50 000 F tó ṣẹ́kù lára owó àjọ ni yóò ti máa fi 2 000 F kún un fún oṣù 4, títí ti ẹgbẹ́ obìnrin yóò fi tán.

Bí a ṣe ń bá ilé kirédì sọ̀rọ̀

Ẹ lọ kí ọjọ́ sísan tó pé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹni tó wá kó tó jẹ wọ́n, wọ́n á gbọ́ tiẹ̀. Ẹni tó pa tẹlifóònù, tó sì sá, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni wọ́n á lọ bá. Ẹ mú kàyé yín dání. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò wá láti sọ pé mi ò ní san. 31 000 F kò ṣeé ṣe fún mi mọ́, 22 000 F ni mo lè san ní ọjọ́ 5 oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìṣirò mi." Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé ni rééchelonnement. Ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ ní méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín.

Ní Ṣábẹ̀, ẹni tó ń ṣe kajú lè ní kí wọ́n gbé sísan tó pọ̀ sí àsìkò ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún, kó máa san díẹ̀ ní ìyókù ọdún. Àgbẹ̀ àgbàdo ní Kétu lè béèrè bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ra bí wọ́n bá ní kí ẹ gba owó tuntun láti fi pa ti àtijọ́. Owó ìwé tuntun wà níbẹ̀, ìdógò tuntun náà sì wà. Ìbéèrè kan ni kí ẹ bi wọ́n: "Láti òní títí tí màá fi parí, èló ni gbogbo owó tí màá san?" Ẹ kọ ìdáhùn sínú kàyé, ẹ fi wé ti àtijọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni tó ní òun á bá yín pa gbèsè rẹ́ lówó ṣáájú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá san tán, ẹ gba ìwé pé ẹ kò jẹ wọ́n mọ́, ẹ gba ìdógò yín padà, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún orúkọ yín ṣe ní BIC, ibi tí àwọn ilé kirédì àti báńkì ti ń wo ìtàn gbèsè ènìyàn. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nípa yín níbẹ̀.