Kíláàsì Kì Í Ṣe Orí Àga Ìwàásù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn ní Abẹ́òkúta

Ọjọ́ kìíní tí mo dúró níwájú JSS2 fún Teaching Practice, ìyẹn TP, ìdánrawò ìkọ́ni tó máa ń já gbogbo wa láyà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọ dìde kí wọ́n dijú. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo dúpẹ́, mo tọrọ ìdáríjì, mo rántí ìjọba, mo ta ẹ̀jẹ̀ Jésù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kíláàsì. Nígbà tí mo máa lajú, màdáámù tó wá wò mí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ti jókòó sẹ́yìn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ nínú ogójì. Kò sọ nǹkan kan títí mo fi parí. Ìgbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ní, "Pásítọ̀, ẹ kú ìsìn o. Iṣẹ́ ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà ló gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ mi, ó ń fi bírò tọ́ka sí orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ràfíù, Múínátù, Sùlé. Ilé-ìwé yẹn kò ní olùkọ́ IRS (ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù) ní sáà náà, gbogbo ọmọ ni wọ́n rọ́ sínú kíláàsì CRS (ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni) mi. Èmi ò tiẹ̀ ka orúkọ wọn dáadáa kí n tó ní kí wọ́n ṣe àmín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí àwọn àbúrò bá ń múra TP, ọ̀rọ̀ màdáámù yẹn ni mo máa ń tún sọ fún wọn, torí orísun kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe iṣẹ́ yìí ti ń ṣàn wá. Èèyàn á rò pé nígbà tí òun ti jẹ́ akọrin láti kékeré, tàbí tí wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ fún òun, òun ti di olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nìyẹn.

Wíwàásù fún ọmọ tí wọ́n rán wá kàwé

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìsọ. Abala 38, ìpín kejì, sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fi dandan mú ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti bá wọn ṣe ìsìn, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Mo ti bá ẹni tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ní CRS pàdé tí kò gbọ́ nípa abala yìí rí. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé lẹ́sìn nóòtù yín. Bí ẹ bá dé ilé-ìwé tí wọ́n ti da àwọn ọmọ pọ̀ bíi tèmi, ẹ lọ bá pìrìǹsípà tàbí igbákejì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sùúrù béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ ńkọ́?" Nígbà míì, lábúrárì ni wọ́n á rán wọn lọ. Nígbà míì, wọn ò ní rí nǹkan kan ṣe sí i, ọmọ náà á sì jókòó síwájú yín títí sáà á fi parí. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà tí ẹ gbà ń sọ̀rọ̀ máa ń ṣe pàtàkì.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. "Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ mi" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọ. "Àwọn Kristẹni gbà pé Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ aráyé" jẹ́ ọ̀rọ̀ kíláàsì. Nínú IRS náà, ẹni tó bá ń sọ pé "Àwa tí Ọlọ́hun ṣe lóore, a máa ń yọ sàká" ti yọ ẹlòmíì sẹ́yìn. "Sàká jẹ́ ọ̀kan nínú òpó márùn-ún Ìsìláàmù" ti tó. Wọn ò ní kí ẹ fi ìgbàgbọ́ yín pamọ́. Bí ọmọ bá béèrè pé, "Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín gbà á gbọ́?", ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà sórí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ máàkì náà wà níbẹ̀. Ọmọ kan lè kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òun ò gbà pé òkú lè jíǹde, kó sì to ohun tó wà nínú Jòhánù 20 lẹ́sẹẹsẹ: Màríà Magidalénì ló kọ́kọ́ dé ibojì, Pétérù àti ọmọ ẹ̀yìn kejì sáré lọ, Tọ́másì ní òun ò gbà àfi tí òun bá fi ìka kan ojú ìṣó. Máàkì ọmọ yẹn pé pérépéré. Ẹni tó bá yọ máàkì kan kúrò níbẹ̀ ti rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Èyí tó sì ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ tí kò sí nínú méjèèjì. Abẹ́òkúta la wà, abẹ́ Olúmọ. Ọmọ tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo, tàbí tí agbo ilé wọn ní eégún, kò ní ìwé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tirẹ̀ nínú tábìlì àkókò. CRS tàbí IRS náà ni wọ́n máa tì í sí. Àkòrí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni Èlíjà àti àwọn wòlíì Báálì lórí òkè Kámẹ́lì, nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 18. Olùkọ́ á ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wọn, á wá ní, "Bí àwọn eléégún àdúgbò yín yìí ni." Kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ti Báálì, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kèfèrí" pẹ̀lú, ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Gbígbára lé ohun tí a gbọ́ lẹ́nu oníwàásù

Tí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò, ẹ dáhùn mẹ́ta yìí láì ṣí Bíbélì. Amòye mélòó ló wá wo Jésù? Kí ló gbé Jónà mì? Ìgbà wo ni Sọ́ọ̀lù di Pọ́ọ̀lù?

Mátíù orí 2 kò sọ iye àwọn amòye; ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta, wúrà, tùràrí àti òjíá, àwọn oníṣeré Kérésìmesì ló fi orí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan. "Ẹja ńlá" ni Bíbélì pe ti Jónà, àbùùbùtán ni ti àwọn oníwàásù. Ti Pọ́ọ̀lù ló máa ń mú èèyàn tó pọ̀ jù: gbogbo wa la ti gbọ́ pé ojú ọ̀nà Damásíkù ni Ọlọ́run ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Damásíkù, Sọ́ọ̀lù ni ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì ṣì ń pè é títí dé orí 13, ẹsẹ 9, níbi tó ti wulẹ̀ sọ pé Sọ́ọ̀lù, tí wọ́n tún ń pè ní Pọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó yí orúkọ kankan padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní IRS, ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ìmọ̀ lọ, bó ṣe Ṣáínà ló wà", ìgbà mélòó lẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà pé Ànábì ló sọ ọ́? Àwọn onímọ̀ hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, kà á sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò múlẹ̀. "Ìmọ́tótó jẹ́ ìdajì ìgbàgbọ́" ní tirẹ̀ wà nínú àkójọ hádíìsì Ímáàmù Muslim, ó sì wà nínú ogójì hádíìsì Nawawi. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kí ẹ tó kọ èyíkéyìí sí bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a sì ti dárúkọ bọ́ọ̀dù: ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú ló mọ súrà lórí bí omi ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n tó bá di kí wọ́n kọ ọ́ síta pẹ̀lú fátíà àti késírà rẹ̀, àwọn àmì fáwẹ̀lì Lárúbáwá. Ẹ lọ fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ọ. Ọmọ JSS3 kan á tọ́ka sí àṣìṣe yín níwájú gbogbo kíláàsì, kò sì ní bẹ̀rù.

Lẹ́sìn nóòtù tí kò ṣeé wọ̀n

"Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fẹ́ràn Ọlọ́run sí i." Mo ti rí gbólóhùn yìí nínú nóòtù tó ju mẹ́wàá lọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n? Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ, tó lè tò, tó lè ṣàlàyé ni olùbẹ̀wò ń wá: "akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìdí méjì tí Dáfídì fi sá fún Sọ́ọ̀lù". Àwọn míì tún máa ń da nóòtù àwọn àgbà tó ti jáde kọ. Ìgbà kan wà tí ìjọba pa CRS, IRS, Civic Education àti Social Studies pọ̀ sábẹ́ orúkọ Religion and National Values. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì tún ya CRS àti IRS sọ́tọ̀. Ẹni tó bá da nóòtù ìgbà náà kọ, orúkọ yẹn ló máa kọ́kọ́ tú u fó lókè ìwé.

Ohun èlò ìkọ́ni tún wà. Àwòrán Jésù onírun gígùn tí a tẹ̀ jáde ní kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ CRS ń gbé kiri, bí ẹni pé kò sí nǹkan míì láyé. (Nínú IRS, ẹ má dán àwòrán Ànábì wò rárá.) Bẹ́ẹ̀ ìlú tí a wà yìí kún fún ohun èlò. Nígbà tí Dáfídì sá wọ ihò Ádúlámù nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 22, àwọn tó wà nínú ìdààmú àti àwọn tó jẹ gbèsè ló wá kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ̀ pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba wa fara pamọ́ sí nígbà ogun? Ẹ bi wọ́n léèrè kí ló lè mú èèyàn sá wọ abẹ́ àpáta, ẹ ó rí bí ọwọ́ ṣe máa nà sókè. Kí ẹ ṣáà rántí pé àwọn kan ṣì ń bọ Olúmọ títí di òní, torí náà ẹ ṣọ́ ẹnu.

Ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fa ọ̀nà láti Àgbádárìgì dé Abẹ́òkúta, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì gbà, Freeman ní December 1842 àti Townsend ní January 1843, tí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa bi yín: kí ló dé tí ìlú kan fi ń gba àjèjì oníwàásù, tí òmíràn á sì sọ ọ́ lókùúta bí ìlú Lísírà ti ṣe fún Pọ́ọ̀lù? Èmi fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan sórí ìbéèrè yìí nígbà kan, mi ò sì kábàámọ̀.

Ní ti ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tó ń gbé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, kó má kọ ilé-ìwé Lafẹ́nwá sórí fọ́ọ̀mù TP nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú ni ẹ máa là kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, owó ọkọ̀ á sì gbé oúnjẹ yín lọ.

Ìwé tí ẹ rò pé ó tó

NCE ọdún mẹ́ta, ẹ̀kọ́ méjì ni èèyàn ń mú pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì máa ń mú èkejì bí ẹni tó ń mú ẹ̀ẹ̀kún ọjà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kéékèèké tó wà ní Ọbáńtókò àti Àsẹ́rò kì í sábà gba olùkọ́ tí kò ní ju CRS lọ. Ẹni tó lè kọ́ CRS pẹ̀lú Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wá. Ẹ̀kọ́ kejì yẹn náà ni ẹ lè fi wọ yunifásítì ní ọdún kejì nípasẹ̀ Direct Entry bí CRS bá sú yín.

Àwọn tó gbà B.A. nínú Religious Studies, ẹ tẹ́tí. Ìwé yẹn kò sọ yín di olùkọ́ lójú òfin, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé sẹ́mínárì àti ìwé ilé kéwú gíga. TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, tí òfin 31 ti 1993 dá sílẹ̀, ń béèrè ìwé tó ní Education nínú: NCE, B.Ed. tàbí irú rẹ̀, tàbí PGDE (díplómà ìmọ̀ ìkọ́ni) lórí B.A. yín. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí ìjọba bá ń gba olùkọ́ kí ẹ tó máa sáré PGDE.

Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ tó wà lórí WAEC, NCE àti NIN yín bára mu. Iṣẹ́ tiwa yìí gan-an ló ní àwọn tó wọlé ní Fágbèmí tí wọ́n jáde ní Jésùgbèmí. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ búra ní kóòtù, kó gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn, kó gé e, kó fi í sínú fáìlì. Kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta.