Ẹ Hú Kùkùté Kúrò Lójú Ọ̀nà Ọkọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Aláàkùrọ̀, Apẹja àti Ọlọ́kọ̀ Etí Dáàmù Ìkéré

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń dá àkùrọ̀ létí omi dáàmù Ìkéré, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi ọkọ̀ kó èlùbọ́ àti ẹja sọdá kí ẹ tó gbé e dé ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. A kò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣán oko tàbí bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ kùkùté la bá wá.

Odò Ògùn ni wọ́n dí ní Ìkéré, nítòsí Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí dáàmù náà bá kún dé ẹnu, omi inú rẹ̀ á tó lítà bílíọ̀nù 690. Lẹ́ẹ̀rùn, omi á fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ọlọ́ràá á yọ síta, àwọn èèyàn á sì sáré gbin àgbàdo, ilá àti ẹ̀fọ́ sí i. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àṣìṣe tí à ń rí lọ́dọọdún ni pé àgbẹ̀ á gé igi ní ìwọ̀n orúnkún, á gbin nǹkan sí àárín àwọn kùkùté, á kórè, á sì bá tirẹ̀ lọ. Òjò á dé, omi á bo ilẹ̀ padà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí omi á ga ju orí kùkùté náà lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 péré. Ojú kò ní rí i, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdí ọkọ̀ ń gbà kọjá.

Èyí tí wọ́n fi àdá gé ló burú jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ọ̀kan dáadáa: bí wọ́n ṣe ń gé e lápá òsì, tí wọ́n ń gé e lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń rí ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀kọ̀. Tó bá wá jẹ́ igi ayìn, kò ní jẹrà bọ̀rọ̀ nínú omi. Ẹni tó gé e lè ti kó lọ sí oko mìíràn, kùkùté á ṣì wà níbẹ̀. Pákó ìdí ọkọ̀ tó ti gbó kò lè dúró níwájú rẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì.

Ní oṣù Okúdù 2023, ní agbègbè Pategi ní ìpínlẹ̀ Kwara, èèyàn tó lé ní 100 kú sínú odò Ọya. Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń bọ̀ lóru. Èrò ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì lọ kọlu igi tó wà nínú omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kùkùté kan kò lè ṣe nǹkan kan, ẹ gbọ́ ìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí Baálẹ̀, olórí apẹja àti àwọn ọlọ́kọ̀ èbúté kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kí ó fẹ̀ tó mítà 20, ìyẹn nǹkan bí ìgbésẹ̀ àgbàlagbà 26. Láàárín ọ̀nà yìí, ẹ kò gbọdọ̀ gé igi kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ẹ gbẹ́ ẹ yíká dé ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú ilẹ̀, ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀, ẹ hú u, kí ẹ sì dí ihò rẹ̀ padà. Ní ibi yòókù lórí àkùrọ̀, ẹ gé e sunlẹ̀. Èyí tó bá yọ ju ínṣì 2 lọ, a kò kà á sí pé ẹ gé e. Ẹ má dáná sun kùkùté kí ẹ rò pé ó ti tán. Iná á jẹ èèpo, àárín rẹ̀ á le gbagidi, á sì tún ṣe ṣóńṣó sí i. Kí iṣẹ́ yìí parí kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí.

Àwọn aláàkùrọ̀ ní ẹ̀yìn ń dun àwọn láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń sun èédú náà ń wí bẹ́ẹ̀. A gbọ́. Ìdajì ọjọ́ kan ni ọkùnrin méjì fi ń hú kùkùté ńlá kan, àwọn ọmọ yín ló sì ń wọ ọkọ̀ yẹn lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá lè hú igi rẹ̀ lójú ọ̀nà ọkọ̀, tàbí kó gé e sunlẹ̀ níbi yòókù, kó má gé e. Igi tó dúró gangan, tí orí rẹ̀ hàn lókè omi, ọlọ́kọ̀ á rí i, á yà fún un.

Ẹ sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì ní mítà 50 sí mítà 50. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè lítà 5 tí ẹ dé pa ló dára jù, kí ẹ fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ òkúta tó tó kílò 10. Okùn kúkúrú ni wọ́n máa ń lò. Tí omi bá kún, okùn á fa kẹ́ẹ̀gì wọ ìsàlẹ̀, àmì á sọnù. Bí omi ibẹ̀ bá máa ń jìn tó mítà 6 nínú oṣù Ọ̀wẹ̀wẹ̀, mítà 8 ni kí ẹ gé okùn yín.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ má na àwọ̀n la ọ̀nà náà kọjá, ẹ má sì ri ọ̀pá àwọ̀n mọ́lẹ̀ níbi tó sún mọ́ ọn ju mítà 10 lọ. Bí ẹ bá ń ká àwọ̀n kúrò, ẹ hú ọ̀pá rẹ̀ dání. Ọ̀pá àwọ̀n tó kán sínú omi, kùkùté náà ni.

Nítòsí dáàmù fúnra rẹ̀

Ẹ jìnnà sí ẹnu ibi tí omi ti ń tú jáde, ó kéré tán mítà 300. Omi ibẹ̀ lè dà bí èyí tó dákẹ́, kó sì máa fa ọkọ̀ lọ nísàlẹ̀. Ẹ má so ọkọ̀ mọ́ ara dáàmù.

Ní ti ẹrù, etí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju omi lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 lẹ́yìn tí gbogbo èrò bá ti wọlé. Àpò àgbàdo kílò 100, ẹ kà á sí èèyàn kan àbọ̀. Kí olúkúlùkù wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Níbi tí kò bá tíì sí, ẹ fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 5 méjì tí ìdérí wọn le dáadáa, títí ẹ ó fi rà á. Kò sí ìrìn òru. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà omi, kò fọwọ́ sí i, àwa náà kò fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kọlu ohun kan lábẹ́ omi, kó má kàn yọ ara rẹ̀ kó máa lọ. Kó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ibẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kó sọ fún olórí èbúté, kí olórí èbúté sì fi tó àwọn òṣìṣẹ́ àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó dáàmù náà, tó wà níbẹ̀ létí. Bí omi bá tún fà sẹ́yìn, kùkùté yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ hú.