Ẹ Má Fi Orúkọ Yín Yá Owó fún Ẹlòmíràn: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Owó Ẹ̀yáwó

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí owó ẹ̀yáwó kékeré yìí, ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé àṣìṣe kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ń ṣe lọ́dọọdún. N kò ní ṣàlàyé ohun tí èlé tàbí onídùúró jẹ́. Ẹni tó bá ti tẹ̀ka síwèé ti mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi owó òwò ṣe ìnáwó. Aṣọ ẹbí kì í mú èrè wá.

Ìkejì, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ka èlé. Wọ́n ní 2% lóṣù, ẹ sì gbà. Lórí èwo? Ká ní ẹ yá 100,000 sẹ́fà, tí ẹ ó máa dá 10,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 10. Bó bá jẹ́ orí ohun tó kù lọ́rùn yín ni wọ́n ń ka èlé sí, 11,000 ni èlé gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí odidi 100,000 ni wọ́n ń kà á sí títí dé oṣù tó gbẹ̀yìn, 20,000 ni. Láti ọdún 2014 ni BCEAO, báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ti sọ pé èlé tí ilé ẹ̀yáwó kékeré ń gbà kò gbọdọ̀ ju 24% lọ lọ́dún, àti owó ìwé pẹ̀lú ni o. Ìṣirò kejì yẹn kọjá bẹ́ẹ̀ jìnnà, torí ẹ ṣì ń san èlé lórí owó tí ẹ ti dá padà. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ẹ máa san lápapọ̀ síbẹ̀.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù: kéèyàn fi orúkọ ara rẹ̀ yá owó fún ẹlòmíràn.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń yan gaàrí. Kò fi ọjọ́ sísan ṣeré rí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wá bá a pé òun fẹ́ ra alùpùpù tí òun yóò máa fi gbé èrò. Kéèsì, ìyẹn ilé ẹ̀yáwó wa, kò yá ọkùnrin náà lówó mọ́ torí gbèsè àtijọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ìdí gan-an tó fi wá nìyẹn. Obìnrin náà gba 150,000, ó sọ fún wa pé gbágùúdá lòun fẹ́ rà. Àwa mẹ́rin yòókù ṣe onídùúró. Ọkùnrin náà sanwó fún oṣù mélòó kan, ó gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà, kò gbé fóònù mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ tí a ti ń dúró fún ara wa, bí ẹnì kan kò bá san, àwọn tó kù ni yóò san, wọn kò sì ní yá ẹnikẹ́ni lówó títí gbèsè yẹn yóò fi tán. A san án. Ọ̀kan nínú wa ta àgùntàn rẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ kò rí owó kó ọjà ọdún. Ojú ti obìnrin alágààrí náà, kò wá sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí mo lọ bá a nílé, ohun tó sọ ni pé: "Ìyá, ẹbí mà ni."

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún ọkọ tàbí àbúrò ọkọ pé rárá. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan ni kéèsì mọ̀. Orúkọ yẹn náà ló ń dé BIC, níbi tí báńkì àti ilé ẹ̀yáwó ti ń wo bí oníkálukú ṣe ń san gbèsè. Ẹ kó o lé ẹgbẹ́ lórí, ẹ ní: "Ẹgbẹ́ wa kò gbà bẹ́ẹ̀." Ní tiwa báyìí, ẹni tó bá gba owó, ẹni méjì nínú wa á bá a lọ sọ́jà lọ́jọ́ tó máa rajà.

Fóònù náà wà níbẹ̀. Owó ẹ̀yáwó kékeré tí wọ́n ń pè ní Alafia, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2020, láti 30,000 sẹ́fà, orí fóònù ló ń bá wọlé. Mo rí ìyá kan tó fi nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó wọlé, ọmọ ti ná an kí ìyá tó gbọ́.

Ẹ má gba owó kéèsì kan láti fi san ti òmíràn. Láéláé.

Bí wọ́n bá yọ 10,000 sílẹ̀ nínú 100,000 fún ìdúró, ìyẹn owó tí kéèsì dì mú nítorí bí ẹ kò bá san, 90,000 lẹ ní láti fi ṣòwò. Iye yẹn ni kí ẹ fi ṣètò.

Àgbẹ̀ alágbàdo kò gbọdọ̀ gba owó tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí sísan bọ́ sí ẹ̀yìn ìkórè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Nàìjíríà, ẹ rántí pé wọ́n ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọjà bàjẹ́, gbèsè kò dúró. Kí owó sísan ẹ̀ẹ̀kan wà nílẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Bí ọjọ́ sísan bá ń bọ̀ tí owó kò tíì pé, ẹ má sá fún òṣìṣẹ́ kéèsì, ẹ má sì pa fóònù. Ẹ lọ síbẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, ẹ mú ohun tó wà lọ́wọ́ dání, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n tún ọjọ́ dá. Ẹ gba rìsíìtì ohun tí ẹ san. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tuntun náà sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín.