Iná check engine tàn? Ẹ má tíì yọ orí bátìrì

Iná check engine bá tàn báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ ṣe ni ká yọ orí bátìrì, ká sinmi díẹ̀, ká dá a padà, iná á kú, a ó máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ̀rí tó yẹ kó júwe ibi tó ń dun mọ́tò lẹ fọwọ́ ara yín pa rẹ́ yẹn.

Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ò kàn ń da epo síbẹ̀ bó ṣe rí. Kí pẹtiróòlù tó lè jó dáadáa, ìwọ̀n epo kan gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 pàdé, oxygen sensor tó wà lára páìpù èéfín ló ń bá a tọ́ ọ wò, epo kéré, brain á fi kún un, epo pọ̀ jù, á dín in kù. Èyí tó ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni short term fuel trim. Tó bá wá rí i pé ojoojúmọ́ lòun ń fi kún un, á kọ ọ́ sórí, ìyẹn long term, bíi ìyá tó ti mọ̀ pé ata ìgbà yìí ò ta, kó tó tọ́ ọbẹ̀ wò rárá ló ti fi méjì kún un.

Ẹ ra sikánà bluetooth kékeré, ẹ fi app ẹ̀ sórí fóònù. Tokunbo tó bá ti Amẹ́ríkà wá, láti 1996 ni wọ́n ti ní ojú OBD2 tí wọ́n ń ki sikánà bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dé 80 tàbí 90°C, torí tó bá ṣì tutù kò tíì ń fetí sí oxygen sensor. Ẹ pa AC. Ẹ ro short term àti long term pọ̀ nígbà tó wà ní slow (ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ ò tẹná), ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹná dé 2500 rpm, ẹ dì í mú bí ìṣẹ́jú kan, ẹ tún kọ ọ́.

Láàárín -10% sí +10%, kò séwu. Tó bá jẹ́ +20 ní slow tó wá já sí +4 nígbà tẹ́ ẹ tẹná, afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé níbi tí kò yẹ. Ní slow ẹ́ńjìnnì kì í mí púpọ̀, ihò kékeré máa ń hàn lára ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ihò yẹn ò já mọ́ nǹkan. Tí slow bá dáa àmọ́ tó ń gòkè bẹ́ ẹ ṣe ń tẹná, ẹ wo pọ́ǹpù epo, fíítà epo àti MAF (sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) tó dọ̀tí. Tó bá lọ sísàlẹ̀ bíi -18, ẹ yẹ injector, ìyẹn ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, wò bóyá ó ń jò.

Tèmi rí +21. Mẹkáníìkì ti ní kí n lọ ra oxygen sensor, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lọ́wọ́ mi. Mo gbé etí sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo ń gbọ́ "ṣììì", gáskẹ́ẹ̀tì intake manifold (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ló ti gan. A pààrọ̀ ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta mo kà á, +3. Oxygen sensor yẹn ò purọ́ rárá, òun gan-an ló ń ké pè wá!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè sáré, fíítà afẹ́fẹ́ tuntun ni brain lè gbé fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà má fi òróró sí fíítà yẹn jù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ MAF. Injector ńlá tàbí turbo ò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, tẹ́ ẹ bá tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá brain ò wo oxygen sensor mọ́, ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ tún un kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ piston lè yọ́.

Ẹ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe tán, ìgbà yẹn lẹ tó lè fi sikánà nu ohun tí brain ti kọ sórí tẹ́lẹ̀ kúrò. Slow lè máa gbọ̀n díẹ̀, ẹ má fòyà. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kó wà ní slow ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtan AC, kẹ́ ẹ tan AC fún mẹ́wàá míì. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú go-slow nìkan ló ti máa kẹ́kọ̀ọ́, mọ́tò tó jẹ́ Ọ̀ṣòdì sí Ìkẹjà nìkan ló ń lọ, brain ẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa eré. Ẹ gbé e bọ́ sí express Ìbàdàn, ẹ sá 80, ẹ sá 100, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò kó yí lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹná. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta ẹ tún kà á, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé tẹ́ ẹ ń kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ oil sí.